Kóńgò Kan, Ìsọ̀ Púpọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní yunifásítì ojú ọ̀nà Ìwòròkò àti ní Pólì ojú ọ̀nà Ìjàn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, ọwọ́ yín ló ń bọ̀.

Ní 2004, mo ta agbòòrùn ńlá kan sí Ìjìgbò, l'Adó-Èkìtì níbí, mo gbé tábìlì sábẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpè. Fóònù mẹ́ta ló wà lórí tábìlì náà, mo fi okùn so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Bí oníbàárà bá dé, mi ò kì í bèèrè orúkọ ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé, "Kí ni nọ́ńbà yẹn fi bẹ̀rẹ̀?" Ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ló máa sọ fóònù tí n ó gbé. Ìpè láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn wọ́n, àìmọye ìgbà ni kì í sì í wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá kan dé, ó tú ìwé pélébé kan láti ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó ni. Ara ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò yá, ó fẹ́ kí bàbá ọmọ gbọ́. Fóònù mi tó bá nọ́ńbà náà mu ti kú nítorí àìsí iná. Mo fi èkejì pè é, kò lọ. Mo fi ẹ̀kẹta pè é, kò lọ. A wà lẹ́nu rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ọmọ rẹ̀ kò kọ ìpè, fóònù rẹ̀ kò sì bàjẹ́; ojú ọ̀nà tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì ni kò gbà wá. Màmá wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, ṣebí afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń gbé ọ̀rọ̀ gbà?" Mi ò rí èsì fún un.

Èsì yẹn, inú ọjà ni mo ti rí i nígbà tó yá. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba láàárọ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà ń pe oníbàárà, ẹni tó jókòó tì í náà ń pè é. Ẹnì kan ń bu èènì kún un, ẹnì kejì ń búra pé ẹ̀wà òun kò ní kòkòrò. Wọ́n ń díje gidi. Ṣùgbọ́n kóńgò tó wà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ náà ló wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Torí pé kóńgò jẹ́ ọ̀kan ni ìyàwó ilé ṣe lè fi iye tí wọ́n ń tà á níhìn-ín wé ti ọ̀hún. Torí rẹ̀ náà ni àgbẹ̀ tó gbé gàrí wá láti Ìlawẹ̀ ṣe mọ ohun tí ẹrù rẹ̀ máa pa kó tó kúrò nílé. Kóńgò kan, ìsọ̀ púpọ̀. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń pè ní òṣùwọ̀n àjọlò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo fóònù ọwọ́ yín. Àwa àgbà ń pè é ní GSM, àwa kò mọ̀ pé orúkọ ìgbìmọ̀ kan là ń pè. Ní 1982, àwọn ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù ilẹ̀ Yúróòpù gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, orúkọ rẹ̀ lédè Faransé ló bí lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Nígbà náà, fóònù alágbèéká tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kan lè di òkúta lásán bí wọ́n bá gbé e kọjá ẹnubodè. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1987, àwọn ilé-iṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè 13 fọwọ́ sí àdéhùn ní Copenhagen pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo àwọn máa gbà ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1991, wọ́n ṣe ìpè àkọ́kọ́ ní Finland. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní 2001, ó dé Nàìjíríà. Nítorí pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lo òṣùwọ̀n kan, ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ló ń ṣe fóònù kan náà, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ dé ibi tí ẹni tó wà lábẹ́ agbòòrùn ní Ìjìgbò fi lè ra mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wáyà tẹlígíráàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Yúróòpù, bí ọ̀rọ̀ bá dé ẹnubodè, wọn a kọ ọ́ sínú ìwé, wọn a fi lé òṣìṣẹ́ òdìkejì lọ́wọ́, onítọ̀hún a tún un tẹ̀ sórí wáyà tirẹ̀. Ní 1865, orílẹ̀-èdè 20 pàdé ní Paris láti fòpin sí i. Ìpàdé yẹn ló bí àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé tí à ń pè ní ITU lónìí.

Nílé wa níbí, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ló ń mú àwọn ilé-iṣẹ́ jókòó pọ̀. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n so ọ̀nà ara wọn pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà náà kò tíì já geere nígbà tí màmá yẹn wá. Ilé-iṣẹ́ tí ìpè bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde ń san owó ẹnu ọ̀nà fún èyí tó gbà á wọlé. Ní 2018, NCC dá owó ẹnu ọ̀nà náà sí ₦3.90 ní ìṣẹ́jú kan fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Láti 2013, ènìyàn lè kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn kí nọ́ńbà rẹ̀ má yí padà. Ní 2023, wọ́n mú àwọn nọ́ńbà kúkúrú pọ̀ ṣọ̀kan: ẹ tẹ *310#, ẹ ó rí owó tó kù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòówù kí ẹ wà, ẹ pe 300, ẹ ó bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìyá arúgbó tó ní síìmù méjì gbọ́dọ̀ há oríṣi méjì sórí. Ohun kékeré ni lójú ẹni tó kàwé. Lójú ẹni tí kò mọ̀wé kà, ilẹ̀kùn ńlá ló ṣí.

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, ẹ mọ òkè. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ríran la àpáta kọjá. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí Ẹfọ̀n, tó bọ́ sáàárín àwọn òkè, ọ̀rọ̀ a já lẹ́nu ẹni. Bí ilé-iṣẹ́ mẹ́rin bá ní kí olúkúlùkù ri òpó tirẹ̀ mọ́ gbogbo òkè wa, owó náà kò ní tó, àwọn abúlé ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí NCC fi gbà kí MTN àti 9mobile dán an wò ní 2020, ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó tó múlé tì wá, pé kí oníbàárà èkejì máa gba orí òpó èkíní níbi tí tirẹ̀ kò bá dé. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí ní Èkìtì sọ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì di ₦145 péré fún kìlómítà kan. Nígbà tí ìjọba náà bá sọ iye kan tó dájú fún gbogbo ènìyàn, òun náà ti gé kóńgò nìyẹn.

Kò yẹ kí irú ìfẹnukò yìí ṣòro fún wa. Nígbà Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ìlú tó ti ń bára wọn jà tẹ́lẹ̀ ló para pọ̀ di Èkìtì Parapọ̀ lábẹ́ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé àti Fábùnmi. Kò sí ọba tó bọ́ adé rẹ̀ fún ọba kejì. Títí dòní, bí àwọn ọba wa bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ Pèlúpèlú, Ewì kì í di Ọ̀gọ̀gà, Ọ̀gọ̀gà kì í di Ewì. Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún.

Ẹ jẹ́ kí n wá kì yín nílọ̀. Ẹ ti rí kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú rí. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀wà inú rẹ̀ kò pé. Òṣùwọ̀n tí kò sí ẹni tó ń yí ìdí rẹ̀ wò, ẹ̀tàn ni. Bákan náà, àdéhùn lórí òṣùwọ̀n kì í ṣe ìmùlẹ̀ lórí owó. Bí àwọn oníṣòwò bá mulẹ̀ láti jọ fi owó kún ọjà, olè ni wọ́n ń jọ jà. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Bí ẹ bá ń ṣe áàpù fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí fún àwọn oníṣòwò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje, ẹ fẹnu kò lórí bí àkọsílẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣe máa wọ ti ẹnì kejì, kí oníbàárà má baà di ẹrú yín. Ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ fi lè kà á, kó sì ṣe é láìbi yín.

Kí ẹ sì wá ọ̀nà dé ibi tí wọ́n ti ń gé kóńgò. Àjọ IETF, tó ti ń kọ òṣùwọ̀n íntánẹ́ẹ̀tì láti 1986, kì í gba owó ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n lórí ni wọ́n ń fetí sí. Ẹni bíi tiwa ti dé irú ibẹ̀ rí: Adiel Akplogan, ọmọ Tógò tí kò jìnnà sí wa, ló kọ́kọ́ darí AFRINIC, àjọ tó ń pín nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì fún Áfíríkà. Bí a kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé kóńgò, èyí tí wọ́n bá bá wa gé la ó máa fi ra gàrí.

Lónìí, bí màmá yẹn bá padà wá, fóònù kan ṣoṣo tó láti pe ọmọ rẹ̀. Ènìyàn ló jókòó tí ìyẹn fi rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kù, ẹ̀yin ni yóò jókòó ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ jọ gé kóńgò, kí olúkúlùkù tó lọ sí ìsọ̀ rẹ̀.