O Kẹ́yìn sí Òkun, Àdùnní

Jókòó. Kì í ṣe orí àga, fa àpótí yẹn mọ́ra, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí àga. Fi fóònù sílẹ̀. Mo ti wo gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ tán. O fi awò dúdú bojú, o na ìka méjì sókè, òkun wà lẹ́yìn rẹ. Mo tún ṣí òmíràn, o káwọ́ lé ìbàdí, òkun wà lẹ́yìn rẹ. Ó kù díẹ̀ kí n béèrè bóyá ẹ̀yin méjèèjì ń jà ni.

O ní o lọ wo èbúté Lómé. Mo ní kí lo rí níbẹ̀? O ní, "Tàńtí, ó dára gan-an." Ó dára báwo? "Omi pọ̀." Háà! Ọmọ tí mo ta ẹ̀gẹ́ fi san owó ilé ìwé rẹ̀ rìn láti Glei níbí dé etí òkun, ó wá padà wá sọ fún mi pé omi pọ̀. Ta ló bá ọ jiyàn?

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé o rò pé èbúté jẹ́ ibi kan tí èèyàn ń wọ aṣọ tuntun lọ wò, kó ya fọ́tò, kó máa bọ̀ nílé. Wo títì tó wà níwájú ilé yìí. Lóru tí tírélà bá ń gòkè lọ, tí àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ń gbọ̀n gìdìgìdì, níbo lo rò pé ó ti ń bọ̀? Èbúté tí o lọ kẹ́yìn sí náà ni. Ìrẹsì ni o, epo ni o, ọkọ̀ àlòkù ni o, púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ará Burkina Faso àti Niger ń jẹ tí wọ́n sì ń lò, àwọn tí Ọlọ́run kò fún ní òkun, Lómé ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjá Tsévié, ó kọjá Notsé, ó kọjá lójú wa níbí, ó gba Atakpamé lọ sí Sokodé, ó gba Kara, títí dé Cinkassé ní ẹnu ààlà. Obìnrin tó ń ta iṣu sísun fún àwọn dírẹ́bà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà yẹn, èbúté ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ yọrí. Kò tíì rí òkun rí láyé rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó mọ èbúté jù ọ́ lọ.

Mú fóònù yẹn wá padà. Ṣí fọ́tò kejì. Fẹ̀ ẹ́. Wo ẹ̀gbẹ́ etí rẹ òsì, lábẹ́ irun àtọwọ́dá yẹn. Kí ni àwọn ohun dúdú tó dúró nínú omi? O ò mọ̀. O rò pé igi ni. Irun lo fi bo ìtàn mọ́lẹ̀, ọmọ yìí. Òpó wọ́ọ̀fù àtijọ́ ni! Bí o bá fẹ́ kí fọ́tò yìí wúlò, gé orí ara rẹ kúrò níbẹ̀ kí òpó náà lè hàn.

Má rẹ́rìn-ín, mò ń bọ̀ níbẹ̀. Etí òkun Lómé gùn gbọọrọ, kò ní kọ̀rọ̀ kankan tí ọkọ̀ lè sá pamọ́ sí. Nígbà tí Jámánì dé, ọkọ̀ òkun kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Òkèèrè ló ń dúró sí, tí wọ́n á fi ọkọ̀ àjẹ̀ lọ kó èrò àti ẹrù. Ìgbì ibẹ̀ kì í ṣe ìgbì ọmọdé. Àwọn awakọ̀ á dúró nínú omi, wọ́n á máa ka ìgbì, wọ́n á jẹ́ kí ńlá kọjá, kí wọ́n tó fi gbogbo agbára tu ọkọ̀ wọ etí ilẹ̀. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Síbẹ̀, ó máa ń dojú ọkọ̀ dé.

Ní 1900, Jámánì bẹ ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ Booker T. Washington, pé kí wọ́n fún àwọn ní èèyàn tó mọ iṣẹ́ òwú. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n rán wá. Ní 1902, wọ́n tún rán àwọn mìíràn. Ọkọ̀ àjẹ̀ tó ń gbé wọn bọ̀ láti inú ọkọ̀ ńlá dojú dé sínú ìgbì Lómé, méjì nínú wọn sì bómi lọ. Ronú sí i ná. Wọ́n kó bàbá ńlá wọn lọ lójú òkun yìí, àwọn náà gba ojú òkun padà wá, wọ́n rí ilẹ̀ náà kedere lójú wọn, ẹsẹ̀ wọn kò kàn án.

Ọ̀kan nínú àwọn tó dé láyọ̀ ni John Robinson. Ní 1904, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ òwú sí Notsé. Notsé tí o ń sùn kọjá nínú ọkọ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ! Odò Mono ló gbé òun lọ ní 1909. Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ òkun, odò ló pa á. Wọ́n sọ pé òwú yóò sọ àwọn ará oko di olówó. Àwọn tó ń gbìn ín ní ìhà ibí yìí mọ bó ṣe jẹ́: fífipá mú èèyàn gbìn wà níbẹ̀, iye tí wọ́n bá fẹ́ san ni wọ́n ń san.

Ọdún 1904 yẹn náà ni wọ́ọ̀fù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Afárá irin ni, ó na láti etí ilẹ̀ wọ inú òkun kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kí ọkọ̀ àjẹ̀ má bàa gba inú ìgbì kó ẹrù wá sílẹ̀ mọ́. Ojú irin wá tẹ̀ lé e: ti Aného ní 1905 fún àgbọn, ti Kpalimé ní 1907 fún kòkó, lẹ́yìn náà ni ti Atakpamé tó gba agbègbè wa, òun ni ti òwú. Ṣé o rí i? Orí afárá kan náà ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Irin tí Jámánì fi kọ́ ilé rédíò ńlá Kamina lẹ́yìn Atakpamé, tó ń bá Jámánì sọ̀rọ̀ láti ibí, láti etí omi ni wọ́n ti gbé e gòkè wá. Kò pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹjọ 1914 tí ogun dé, àwọn fúnra wọn ló wó o kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó dé ibẹ̀.

Òkun náà kò gbàgbé wọ́ọ̀fù. Ní 1911 ó já a láàárín, wọ́n tún un ṣe. Faransé kọ́ òmíràn ní 1928. Ohun tó kù nínú gbogbo agbára yẹn ni èyí tí ẹyẹ ń bà lé, tí ìwọ náà wá fi irun bò.

Èbúté tuntun, èyí tó ní irin gàgàrà tí ń gbé kòǹténà, 1968 ni wọ́n ṣí i, owó Jámánì tún wà nínú rẹ̀. Omi ibẹ̀ jìn ju mítà 16 lọ, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó tóbi bí abúlé fi ń wọlé síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí kòǹténà tó ń gba ibẹ̀ lọ́dún kan ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tilẹ̀ wọ ìlú: ọkọ̀ ńlá á já wọn sílẹ̀, ọkọ̀ kéékèèké á pín wọn kiri èbúté yòókù. Ó dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Iyanrìn gbàràmù gbaramu tí o dúró lé lórí, tó funfun, tó fẹ̀ bí pápá, ta ló ni ín?

Iyanrìn Aného ni.

Má wò mí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn etí òkun kì í dúró lójú kan. Omi ń tì í láti ìhà Gánà lọ sí ìhà Bẹ̀nẹ̀, lójoojúmọ́, láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté, wọ́n na apá òkúta gígùn wọ inú òkun kí omi inú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Apá yẹn dí ọ̀nà iyanrìn. Èyí tó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn kóra jọ sí ìhà ìlú, etí òkun Lómé ń fẹ̀ sí i. Ìhà kejì, Baguida, Agbodrafo, títí dé Aného, kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ wọ́n lọ. Àwọn ará Gánà ti kọ́kọ́ fi ìdídò Akosombo sé odò Volta lọ́dún mélòó kan ṣáájú èyí, odò tó ń kó iyanrìn bọ̀ wá. Ìyà lórí ìyà. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ́kọ sí Agbodrafo; ibi tí a ti jọ gún iyán níjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ẹja ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Wọ́n ń kó òkúta síbẹ̀ láti fi dá omi dúró, ṣùgbọ́n ibi tí òkúta bá parí sí ni òkun ti ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ mìíràn.

Lómé kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba nǹkan Aného. Ìhà ibẹ̀ ni olú ìlú wà kí Jámánì tó gbé e wá sí Lómé ní 1897. Àwọn oníṣòwò tó ń sá fún owó bodè Gẹ̀ẹ́sì ní Góòlù Kóòsì ló sọ Lómé di ọjà. Ìlú tí wọ́n tìtorí à-ń-sá-fún-owó-bodè dá, òun ni owó bodè wá ń jókòó lé lórí báyìí. N kò sọ pé kí wọ́n má kọ́ èbúté o, èmi náà ń jẹ ìrẹsì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ lórí iyanrìn ẹlòmíràn, kó mọ̀ pé ti ẹlòmíràn ni.

O dé kàtídírà? O kọjá níwájú rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti 1902, o kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ààfin gómìnà tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n ṣí fún gbogbo èèyàn ní 2019, tó ní ọgbà igi ńlá létí òkun níbẹ̀? O ní oòrùn mú. Ọjà ńlá nìkan lo mọ̀, ibẹ̀ náà, aṣọ lo wò. Àwọn ìyá tó ta aṣọ àǹkárá Holland níbẹ̀ débi tí wọ́n fi ń gun Mercedes, tí gbogbo ayé ń pè wọ́n ní Nana Benz, èbúté ló gbé aṣọ yẹn dé ọwọ́ wọn. Iná jó ọjà náà ní 2013, ó dun wá dé ibí.

Èyí tí n kò lè dárí rẹ̀ jì ọ́ kíákíá ni Anagokomé. O lo ọ̀sẹ̀ kan ní Lómé, o kò dé Anagokomé! Orúkọ wa ni wọ́n fi pe àdúgbò náà. Àwọn Yorùbá tó bá ọjà dé etí òkun ló jókòó síbẹ̀. Àwa tí bàbá wa tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ pé ibẹ̀ làwọn ti wá, a lọ sí Lómé, a lọ ń sọ Faransé fún ẹni tó yẹ ká kí ní "ẹ kú ọjà o, ìyá". Bí o bá kí wọn báyẹn, wọn ò ní jẹ́ kí o fi ebi lọ.

Jẹ́ kí n yìn ọ́ níbì kan: o kò wọ omi. Omi ibẹ̀ ń fà lábẹ́. Ó máa ń rẹ́rìn-ín lójú, kó sì di ẹsẹ̀ mú. Màmá mi tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà pátápátá, tó bá dé etí òkun, á tẹríba díẹ̀ fún Olókun kó tó sọ̀rọ̀. Èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n mo máa ń kí i. Kí ni ìkíni ń gbà lọ́wọ́ ẹni?

Ẹ̀bùn tí o wá mú wá ńkọ́? Bisikíìtì! Bisikíìtì tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí, tó ti gun tírélà kọjá níwájú ilé yìí kí o tó lọ rà á padà wá. Èèyàn dé Lómé, kò ra ẹja. Ìbá ṣe pé o jí ní ìdájí, ò bá rí àwọn tó ń fa àwọ̀n létí òkun. Okùn méjì gígùn á jáde látinú omi, ogún, ọgbọ̀n èèyàn á so mọ́ ọ, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé. Wọ́n á máa fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n á máa dá orin, wọ́n á máa gbé gìgísẹ̀ ri iyanrìn. Ẹni tó bá dé òpin okùn á sáré padà lọ sí etí omi lọ mú un láti iwájú. Ó lè gba wákàtí méjì kí àpò àwọ̀n tó yọ. Nígbà tó bá yọ, àwọn obìnrin ti gbé agbada kalẹ̀, iye ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò kí ẹja tó dẹ́kun jíjà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra dòèví, ẹja wẹ́wẹ́ yẹn, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí mo fi ń se ọbẹ̀ tí o ń jẹ tí o ń lá ìka. Bí o bá sì fẹ́ ẹja ńlá, èbúté apẹja tí Japan bá wọn kọ́, tí wọ́n ṣí ní 2019, ibẹ̀ ni wọ́n ń já a sí.

Bí iṣu tuntun bá ti jáde, àwa méjèèjì ni a ó jọ lọ. Èmi ni màá jókòó lẹ́bàá fèrèsé. O kò gbọdọ̀ sùn kí a tó kọjá Notsé. A ó sọ̀ sí Anagokomé, a ó jẹun níbẹ̀, a ó lọ wo òpó wọ́ọ̀fù, lẹ́yìn náà a ó wọ ọkọ̀ lọ sí Agbodrafo lọ kí ọ̀rẹ́ mi. Wọ bàtà pẹlẹbẹ. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, ìwọ ni o ó san án. Ẹni tó rówó ra bisikíìtì á rówó san án. Ó yá, dìde, lọ wo ẹ̀wà tó wà lórí iná, kó má jóná.