Ojú, Ọsán àti Egungun Inú: Èdè-Ìperí fún Gìtá Kíkàn ní Agbègbè Ìkẹjà àti Agége

Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí gìtá ti di ohun èlò orin ní Èkó. Túndé King fi ṣe orin jùjú, ó sì kọ ọ́ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1936. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè so tirẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé ìró sókè. Láti ìgbà náà ni èdè Yorùbá ti rí ọ̀rọ̀ tí ó tó fún ẹni tí ń ta gìtá àti fún orin tí ó ń fi í ṣe. Ẹni tí ó fẹ́ kan gìtá ni kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Odidi ni gìtá ń dé láti òkè òkun, ẹni tí ó sì ra ohun tí wọ́n ti kàn parí kò nílò orúkọ fún igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá fọ́ ni orúkọ di dandan. Káfíńtà ni wọn yóò gbé e tọ̀ lọ, káfíńtà yóò sì ní láti sọ ohun tí ó bàjẹ́ fún ẹni tí ó ni ín àti fún ọmọṣẹ́ tí yóò bá a tún un ṣe.

Agbègbè Ìkẹjà àti Agége yẹ fún irú ìwádìí yìí ju ibòmíràn lọ. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó dá ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ní Ìkẹjà kí ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní 1967, iṣẹ́ sì kó Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn ẹlòmíràn jọ sí ojúlé kan náà. Ẹ̀ka-èdè wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn yé. Àwọn káfíńtà Agége tí ń ṣe àga, ibùsùn àti ilẹ̀kùn ní ẹ̀yìnkùlé ní gbogbo ohun tí gìtá nílò: tábìlì kan, ayùn tí eyín rẹ̀ wẹ́, ìfági, páìpù irin tí iná ń mú gbóná fún títẹ igi, kílámù tí ó pọ̀, àti sùúrù. Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọṣẹ́; Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba. Nítorí náà ni ọmọṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ dáadáa ṣe lè dúró láìlèsọ̀rọ̀ níwájú ìwé ìdánwò, tí ẹlòmíràn tí ó há orúkọ sórí yóò sì yege láìlèlo ìfági.

Ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti fi hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù kì í ṣe pé bóyá ó ṣeé ṣe, bí kò ṣe ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti máa mú ọ̀rọ̀. Ìdáhùn tí àròkọ yìí mú wá ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, lẹ́yìn náà kí wọ́n bi onílù, ọlọ́fà àti káfíńtà léèrè ohun tí wọ́n ń pe èyí tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó gbẹ̀yìn.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dájú. Nínú èdè-ìperí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ìró ni ohun tí etí ń gbọ́. Ohùn ni ìlọsókè àti ìlọsódò tí ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Ìyàtọ̀ yìí bá gìtá mu gẹ́lẹ́. Ẹ̀yà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ìró jáde kí ó sì tóbi, ẹ̀yà mìíràn sì wà tí ń sọ ohùn tí yóò jẹ́. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ nínú orúkọ yóò dà wọ́n pọ̀ nídìí iṣẹ́.

Àpẹẹrẹ tí ó le jù ni ti igi fífẹ̀ tí ó wà níwájú gìtá. Àwọn olùtúmọ̀ kan yóò fẹ́ láti pè é ní pátákó ohùn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe tò ó. Kì í ṣe òun ni ó ni ohùn. Ìró ni ó ni. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pátákó. Káfíńtà tí ó bá gbọ́ pátákó yóò rántí ilẹ̀kùn àti tábìlì, àwọn ohun tí kò gbọdọ̀ mì. Igi iwájú gìtá kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó mì lọ. Nínípọn rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 2.5 sí 3 lọ, ẹni tí ó bá sì fi ọkàn pátákó ṣe é yóò fi í sílẹ̀ ní mìlímítà 5 tàbí 6, gìtá náà yóò sì yadi.

Onílù ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́: ojú. Ojú ìlù ni ibi tí awọ wà, ibi tí ń mì, ibi tí ìlù ti ń fọhùn. Bí ọ̀gá bá sọ pé kí ọmọṣẹ́ fá ojú gìtá, ọmọṣẹ́ tí ó ti rí onílù rí yóò mọ̀ pé fífá náà ní ibi tí ó yẹ kí ó dé, yóò máa fi ìka kàn án, yóò sì máa tẹ́tí. Ẹ̀rí pé ojú ni ó ni iṣẹ́ wà ní ilẹ̀ Sípéènì. Ní 1862, Antonio de Torres kan gìtá kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ igi ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ páálí tí wọ́n fi bébà ṣe. Ó fẹ́ fi hàn pé ojú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìró ti ń jáde. Gìtá náà ṣì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orin ní Bàsẹlónà.

Àwọn ẹ̀yà tó kù lára àpótí gìtá kò fa àríyànjiyàn. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ tó, ọrùn àti orí náà tó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọrùn ìgò. Ẹnu ni kí ihò ojú máa jẹ́.

Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ọsán mẹ́fà tí ó jẹ́ irin ń fa gìtá pẹ̀lú agbára tí ó lé ní kìlógíráàmù 70, ìyẹn bí ìwúwo àgbàlagbà kan. Ojú tí kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ yóò wó sínú bí kò bá sí ohun tí ó gbé e ró. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ojú ni ń ṣe iṣẹ́ yìí, egungun inú sì ni orúkọ tí ó yẹ wọ́n. Ẹnìkan lè sọ pé kí wọ́n jẹ́ ìhà, ṣùgbọ́n ìhà yóò kọlu ẹ̀gbẹ́. Ẹlòmíràn lè mú ọ̀rọ̀ igi àjà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kan òrùlé. Igi àjà kò dára fún un, nítorí pé iṣẹ́ igi àjà ni kí ó dúró gbọin. Egungun ń gbé ara ró, ó sì tún ń bá ara lọ. Torres tẹ́ egungun tirẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣí. Egungun abẹ̀bẹ̀ ni kí ó jẹ́. Ilé-iṣẹ́ Martin ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi egungun méjì gba orí ara wọn kọjá ní àwọn ọdún 1840 sí 1849, irú èyí ni ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ gìtá ọlọ́sán irin títí di òní. Egungun àgbélébùú bá èyí mu. Ilé ìjọsìn ti gba ọ̀rọ̀ náà mú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbé lé ìbú ohun mìíràn ni ìtumọ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ọsán tí a dárúkọ lókè yìí nílò àlàyé, nítorí pé okùn tàbí wáyà ni ọ̀pọ̀ olórin ń sọ. Èdè fúnra rẹ̀ ni ó yan ọsán. Yorùbá kì í fọn gìtá. Títa ni wọ́n ń ta á, bí wọ́n ṣe ń ta mólo, tí wọ́n sì ń ta ọfà. Ohun tí ọlọ́fà ń fà kí ó tó ta ni ọsán. Ọsán náà ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí onídùndún ń fún mọ́ra kí ohùn ìlù lè lọ sókè. Nínú ohun èlò méjèèjì, fífà ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó jẹ́. Ọsán tí ó bá ti dẹ̀ kò wúlò fún nǹkan kan. Okùn lè dẹ̀ kí ó ṣì máa so ewúrẹ́. Bí wọ́n bá ti gba ọsán wọlé, ọ̀rọ̀-ìṣe fún yíyí ohùn gìtá padà ti bá a wọlé lọ́fẹ̀ẹ́: fa ọsán, dẹ ọsán. Olùkọ́ tí ń kọ ọ́ sójú pátákó ìkọ̀wé kò gbọdọ̀ gbàgbé àmì ohùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ yóò kà á sí ọsàn tí wọ́n ń mu, tàbí ọ̀sán gangan.

Ibi tí ọsán ti so mọ́ ojú ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ afárá pè. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ kò ṣe olùkọ́ láǹfààní kankan níbí, nítorí pé afárá wà fún kí ènìyàn lè kọjá sí òdìkejì, kò sì sí ohun tí ń kọjá sí òdìkejì lára gìtá. Ohun tí ẹ̀yà yìí ń ṣe ni pé ó gbé ọsán ró, ó sì gba mímì ọsán, ó gbé e fún ojú. Ìgbéró gba méjèèjì: gbé ró, àti gbé ìró. Àwọn onímọ̀ ìperí kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ onítumọ̀ méjì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ìtumọ̀ méjèèjì jẹ́ iṣẹ́ ohun kan náà, kíkọ̀ ọ́ yóò jẹ́ àṣejù. Igi tàbí egungun kékeré tí ọsán fi orí lé ní òkè ọrùn lè máa jẹ́ ìrọ̀rí.

Ìdábùú ni àwọn irin tí ó gba ìbú ọrùn kọjá. Àwọn ni ó ni ohùn, nítorí pé àwọn ni ń gé ọsán kúrú. Níbí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti lè ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́. Bí ọsán bá gùn ní mìlímítà 650 láti ìrọ̀rí dé ìgbéró, wọn yóò fi 17.817 pín in, èsì rẹ̀ yóò sì fún wọn ní 36.48. Ibẹ̀ ni ìdábùú kìíní wà. Ìyókù, tí í ṣe 613.52, ni wọn yóò tún fi 17.817 pín láti rí àlàfo tí ó kàn, ìyẹn 34.43. Báyìí ni àlàfo yóò máa kéré sí i títí ìdábùú kejìlá yóò fi bọ́ sí 325, ìdajì ọsán gan-an, níbi tí ohùn ti pé ìlọ́po méjì. Bí olùtúmọ̀ bá kọ ọ́ pé “ẹ pín gígùn ọsán” dípò “ẹ pín ìyókù”, ọmọṣẹ́ yóò pín 650 ní gbogbo ìgbà, àlàfo rẹ̀ yóò dọ́gba, ìdábùú kejìlá yóò sì wà ní nǹkan bí 438. Ọrùn náà ti di igi ìdáná nìyẹn. Ìṣirò àtijọ́ tún wà, èyí tí Vincenzo Galilei ará Ítálì kọ sílẹ̀ ní 1581, tí ó ń lo 18 dípò 17.817. Ó rọrùn fún orí, ṣùgbọ́n ìdábùú kejìlá yóò fi bíi mìlímítà 2.4 súnmọ́ ìrọ̀rí ju bí ó ti yẹ lọ, etí tó mọ orin yóò sì mọ̀ ọ́n.

Orúkọ igi kò ní ìṣòro, bí kò ṣe pé àwọn olùkọ́ kì í lò ó. Ọ̀gànwó dára fún ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn, ìrókò wúwo. Ọ̀mọ̀ fúyẹ́, òun sì ni àwọn agbẹ́lù ti ń lò. Ilé-iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà fi igi afara ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan gìtá ẹlẹ́ńtíríkì ní 1958, ṣùgbọ́n korina ni wọ́n pè é, orúkọ ìtajà yìí ni ayé sì mọ̀. Igi ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń lò fún ojú gìtá ní Yúróòpù kò hù ní ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń kan àpótí ńlá tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ń bá wá láti òkè òkun. Nínú àpótí púpọ̀, káfíńtà tí ó ní ojú inú lè rí igi kan tí ìlà ara rẹ̀ tọ́, tí kò ní kókó.

Gbígbẹ igi ni ó fẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ sí i. Tútù àti gbígbẹ nìkan kò tó, nítorí pé igi tí ó ti gbẹ ṣì ń gba ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń fẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, yóò sún kì. Ojú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ egungun ní Agége nínú òjò oṣù keje lè là nígbà ọyẹ́, tàbí nínú yàrá tí ẹ̀rọ amútùtù wà. Sísá àti fífi atẹ́gùn gbẹ ni kí wọ́n máa yà sọ́tọ̀: sísá jẹ́ ti oòrùn, ó yá ṣùgbọ́n ó ń fọ́ igi, fífi atẹ́gùn gbẹ jẹ́ ti abẹ́ òrùlé, ó ń fẹ́ oṣù púpọ̀.

Gọ́ọ̀mù, sáńpépà àti kílámù ti di ti Yorùbá, kò sì sí èrè nínú kíkó wọn kúrò. Ohun tí ń yí ọsán ní orí gìtá lè máa jẹ́ ìlọ́sán.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí kò tíì ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn gbà: bí ohun kan ṣe ń mì nítorí pé òmíràn tí ohùn wọn bára mu ń mì nítòsí rẹ̀. Gbohùngbohùn kò dára fún un, nítorí pé ìyẹn jẹ́ ti ìró tí ó kọlu ògiri tí ó padà. Àjùmọ̀mì ṣe tààrà jù. Olùkọ́ lè fi í han kíláàsì láìsí ẹ̀rọ: kí wọ́n fa ọsán méjì títí ohùn wọn yóò fi dọ́gba, kí wọ́n ká bébà kékeré kan lé ọ̀kan lórí, kí wọ́n sì ta èkejì. Bébà náà yóò fò.