Ta Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Ilé Tẹ́tẹ́ àti Oníbàárà Rẹ̀?

Kíláàsì: SS 2. Àkókò: ìṣẹ́jú 40

Èròńgbà
Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹjọ́ méjì tó wáyé nílùú Ọba ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ kí ìdájọ́ láàárín ilé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì àti oníbàárà tọ́.

Ìfáàrà
Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́. Olùkọ́, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn ọmọ yìí mọ ọ́ọ̀dì àti tíkẹ́ẹ̀tì ju bí a ṣe rò lọ.

Ibi tí aáwọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀
Ká ní ẹnìkan fi ₦500 ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ wọlé, owó hàn lójú fóònù. Kó tó gbà á, ilé tẹ́tẹ́ ní ọ́ọ̀dì kan ni àwọn kọ ní àkọṣì, 15.0 dípò 1.50, wọ́n sì fagi lé e. Àdéhùn wọn gbà wọ́n láàyè bí àṣìṣe bá hàn gbangba. Ta ló máa sọ pé ó hàn gbangba? Ilé tẹ́tẹ́ ló kọ òfin, òun ló ni kọ̀ǹpútà, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló tún fẹ́ dájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹjọ́ Betfred
Láti 1845 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ti í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó tẹ́tẹ́ ní kóòtù. Oṣù kẹsàn-án 2007 ni ìyẹn tó yí padà. Ní oṣù kìíní 2018, ọkùnrin kan jẹ £1.7 mílíọ̀nù nídìí eré káàdì lórí ẹ̀rọ ilé tẹ́tẹ́ Betfred. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe, wọn ò san. Ní oṣù kẹrin 2021, Adájọ́ Foster dá ọkùnrin náà láre láìdúró de ìgbẹ́jọ́ kíkún: gbólóhùn tí ilé-iṣẹ́ náà gbára lé kò yéni, wọn kò sì pe àkíyèsí oníbàárà sí i bó ti yẹ.

Ẹjọ́ Camelot
Ní 2015, obìnrin kan ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì £5 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ẹ̀rọ fi hàn pé ó jẹ £1 mílíọ̀nù; Camelot, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́tìrì náà nígbà náà, ní £10 ni kọ̀ǹpútà yàn fún un. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Camelot láre ní 2024: òfin eré náà ṣe kedere, obìnrin náà sì ti tẹ ibi tó fi gbà á. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì jiyàn díẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí oníbàárà rí kà kó tó fowó sílẹ̀ ló ṣe kókó nínú ẹjọ́ méjèèjì.

Ẹni àárín
Kì í ṣe gbogbo aáwọ̀ ló yẹ kó dé kóòtù. Láti 1998 ni IBAS, àjọ alárinà lórí aáwọ̀ tẹ́tẹ́, ti ń parí irú rẹ̀ nílùú Ọba. Oníbàárà yóò kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé tẹ́tẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá láìyanjú, ó lè gbé e lọ bá wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ ló ń sanwó fún IBAS. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fura sí ìyẹn, ẹ yìn ín.

Nílé wa
Ní oṣù kọkànlá 2024, Kóòtù Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà wọ́gi lé òfin lọ́tìrì àpapọ̀ ti 2005. Torí náà, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ wà. LSLGA, àjọ ìpínlẹ̀ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, ló ń bójú tó o l'Ékòó.

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Kọ lẹ́tà ìfẹ̀sùnkàn sí ilé tẹ́tẹ́ inú àpẹẹrẹ òkè yìí: nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́, aago, àwòrán ojú fóònù àti ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe. Lẹ́tà tó bá ní èébú nínú kò ní máàkì.