Má Ta Epo sí Bíréèkì Tó Ń Ké

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere bá ń han gooro láàárín títì, ariwo nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ariwo yẹn ló ń ta séèyàn létí, òun náà lọ̀pọ̀ sì máa ń sáré wá nǹkan pa lẹ́nu mọ́. Wọ́n á gbé agolo WD-40 tàbí epo ṣéènì, wọ́n á fọ́n ọn sí i. Ariwo lè dákẹ́ lóòótọ́. Ó di ìgbà tí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí wọ́n fa bíréèkì tí kẹ̀kẹ́ ò dúró, kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Bíréèkì onídísìkì là ń wí, èyí tó ní àwo irin pẹlẹbẹ láàárín táyà. Bí wọ́n bá fa ọwọ́ bíréèkì, páàdì méjì á fún àwo náà mọ́ra lọ́tùn-ún lósì. Lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè ló ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Oṣù keje ọdún 2018 ni UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, tó fọwọ́ sí i pátápátá fún ìdíje ojú títì. Ní báyìí, ó wà lára kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń tà l'Ékòó.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ tí páàdì ní ni epo. Páàdì ń mu ún bíi kànrìnkàn, ohun tó bá sì ti mu kì í fẹ́ẹ́ jáde mọ́. Kò dìgbà tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ da epo sí i: ẹni tó ń fọ́n epo sí ṣéènì lè fọ́n ọn kan dísìkì ẹ̀yìn láìfura, ìka tó ní gírísì náà sì tó o bà jẹ́. Àwo ṣeé fi aṣọ mímọ́ àti isopropyl alcohol nù. Páàdì tó ti mu epo yó, kí wọ́n ra òmíràn ló dáa jù. Bí ojú rẹ̀ bá kàn ń dán láìsí epo níbẹ̀, kí wọ́n fi sáńpépà ha á díẹ̀.

Wọ́n sì ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Páàdì tuntun kì í mú dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ẹni tó ni ín wá ibi tí ọkọ̀ ò sí, kó sáré níwọ̀nba, kó fa bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí eré á fi lọ sílẹ̀, àmọ́ kó má jẹ́ kí táyà dúró pátápátá. Kó ṣe é tó ìgbà 20. Bẹ́ẹ̀ ni páàdì ṣe ń fi ara rẹ̀ kun ojú àwo ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni agbára bíréèkì ti ń wá.

Ariwo mìíràn wà tó jẹ́ pé bí kẹ̀kẹ́ bá ṣe ń lọ ló ń dún, láìfa bíréèkì rárá. Tó bá ń dún lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo kan, àfàìmọ̀ kí àwo má ti tẹ̀. Tó bá ń ha láìdáwọ́dúró, kálípà, irin tó gbé páàdì dání, ni kò dúró láàárín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kan bóòtù kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá táyà jókòó dáadáa, pàápàá bí kẹ̀kẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà dé. Tó bá jókòó, kí wọ́n tú bóòtù méjì tó de kálípà díẹ̀, kí wọ́n fa ọwọ́ bíréèkì mọ́ra gírígírí, kí wọ́n wá máa dè é padà níkọ̀ọ̀kan. Kí ìka má sún mọ́ àwo tó ń yí: ó ń géèyàn lọ́wọ́, ó sì ń jóni lẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn.

Bí ọwọ́ bíréèkì bá wá ń rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ ńkọ́? Lórí èyí tó ń lo wáyà, wáyà náà ló ti tú tàbí páàdì ló ti jẹ tán. Shimano, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bíréèkì, ní kí wọ́n pààrọ̀ páàdì bí ohun tó kù lára rẹ̀ bá ti di mìlímítà 0.5. Lórí èyí tó ń lo òróró, atẹ́gùn ló ti wọ inú rọ́bà rẹ̀, àfi kí wọ́n bílíìdì ẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n lé atẹ́gùn náà jáde.

Ibí gan-an ni ewu pọ̀ sí. Òróró bíréèkì ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò, DOT 3 tàbí DOT 4, á ba rọ́bà inú bíréèkì Shimano, Magura àti Tektro jẹ́, nítorí mineral oil ni wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ bíréèkì SRAM sì rèé, DOT ló ń gbà. Òróró kan ò ṣeé fi rọ́pò èkejì rárá. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọmọrí ibi tí òróró ń gbà wọlé kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i, tí ọwọ́ bíréèkì bá sì ti ń kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹ fà á, ẹ má gùn ún mọ́. Ẹ fọwọ́ tì í lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́.