Iṣẹ́ Ẹrú, Jíjẹ́ Ọmọ: Ìpamọ́ Àṣírí Ara Òṣìṣẹ́ Nínú Ìjábọ̀ Ìlera Lẹ́nu Iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èyí ni pé ẹni tí a rán gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n orí tirẹ̀ yan ohun tí yóò sọ àti bí yóò ṣe sọ ọ́, kí iṣẹ́ náà lè jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ́. Kò sí ẹni tí òwe yìí kàn tó dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí ilé iṣẹ́ gbà láti máa yẹ ara àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò, nítorí pé agbanisíṣẹ́ ló ń san owó oṣù rẹ̀, òṣìṣẹ́ ló sì ń bọ́ aṣọ níwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ní ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí ó ń kọ ránṣẹ́ sí ọ̀gá lẹ́yìn àyẹ̀wò ni à ń pè ní ìjábọ̀ ìlera lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣírí ti sábà máa ń jò.

Ní Ṣábẹ̀, ìlú Oníṣábẹ̀ ní ẹkùn Collines lórílẹ̀-èdè Benin, tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ilé. Ilé iṣẹ́ ṣúgà tí ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí ilé iṣẹ́ Complant láti Ṣáínà wá ń bójú tó nígbà tó yá lábẹ́ orúkọ SUCOBE, jẹ́ irú ibi iṣẹ́ tí ewu rẹ̀ pọ̀ ní oríṣiríṣi: àdá lọ́wọ́ àwọn tó ń gé ìrèké, oògùn apakoríko, omi ìrèké tó ń hó, ariwo ẹ̀rọ tó ń fún un, àti eruku pàǹtí rẹ̀. Bí wọ́n bá kó pàǹtí ìrèké tí kò gbẹ dáadáa jọ, ó máa ń gbóná láti inú wá, á sì bu. Ẹni tó bá fa eruku rẹ̀ símú lè ní ibà, ikọ́ àti èémí kúkúrú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, bó bá sì ń fà á símú lọ́dọọdún, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹni tó ń gé ìrèké, akọ̀wé inú ọ́fíìsì àti ọ̀gá wọn lè jọ máa kírun ní mọ́ṣáláṣí kan tàbí kí wọ́n jọ máa ná ọjà kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì láàárọ̀ lè dé etí àna aláìsàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọdún 1985, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní OIT, ṣe Àdéhùn 161 lórí ètò ìlera lẹ́nu iṣẹ́, Benin sì fọwọ́ sí i ní 1998. Ìmọ̀ràn 171 tó bá àdéhùn náà rìn ló là á mọ́lẹ̀ pé lẹ́yìn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ara ẹnì kan gba iṣẹ́ tó léwu, kí dókítà kọ àbọ̀ rẹ̀ sínú ìwé fún òṣìṣẹ́ àti fún agbanisíṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ìṣègùn kankan má sí nínú àbọ̀ náà. Ohun tí a lè kọ síbẹ̀ kò ju pé ara ẹni náà gba iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún un, tàbí irú iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ ṣe, àti bóyá fún ìgbà díẹ̀ ni tàbí títí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé náà bí yóò ṣe rí lórí tábìlì. Bí wárápá bá ń da òṣìṣẹ́ kan láàmú, dókítà kò ní í kọ wárápá. Yóò kọ pé: «Ara rẹ̀ gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gun ibi gíga, kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ dá ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń yí, fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà kí ó padà wá fún àyẹ̀wò.» Gbogbo ohun tí ọ̀gá nílò láti pín iṣẹ́ láìsí ewu ló ti wà níbẹ̀, kódà ó wúlò fún un ju orúkọ àìsàn lọ, nítorí pé bí ọ̀gá tí kì í ṣe oníṣègùn bá rí orúkọ àìsàn, ìbẹ̀rù rẹ̀ ni yóò fi túmọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀gá yóò béèrè, ìbéèrè rẹ̀ sì lè jẹ́ láti inú àánú. Kí nọ́ọ̀sì dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: «Ẹ má bínú, ọ̀gá, ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe ló wà nínú ìwé yẹn, ìyókù, òun fúnra rẹ̀ ló ni ín, bó bá fẹ́ sọ fún yín, yóò sọ.» Bó bá ti lè dúró lórí gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ìbéèrè náà á dín kù.

Bákan náà ni ti òṣìṣẹ́ tí kò wá síbi iṣẹ́. Àdéhùn 161 ní kí wọ́n máa jẹ́ kí àwọn elétò ìlera mọ̀ bí àìsàn bá mú òṣìṣẹ́ tàbí bí kò bá wá nítorí àìlera, kí wọ́n lè wò ó bóyá iṣẹ́ náà ló fà á, ṣùgbọ́n kí agbanisíṣẹ́ má sọ wọ́n di ẹni tó ń wádìí bóyá òótọ́ ni ẹni náà ṣàìsàn. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ti lò fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ kò tún ní í sọ òótọ́ fún un mọ́.

Ìjábọ̀ gbogboogbò tí a kò dárúkọ ẹnikẹ́ni sí náà lè tú àṣírí. Bí ènìyàn mẹ́rin péré bá wà nídìí ẹ̀rọ tó ń se omi ìrèké, tí ìjábọ̀ ọdún wá sọ pé ẹnì kan nínú wọn ní kòkòrò HIV, gbogbo ibi iṣẹ́ ni yóò máa fi ojú wá ẹni náà kiri, wọ́n sì lè fi ẹ̀sùn kan ẹni tí kò ní in. Ògiri létí, ìṣirò náà sì lẹ́nu. Kí wọ́n da ẹ̀ka kéékèèké pọ̀ mọ́ ẹ̀ka ńlá kí wọ́n tó ka iye, kí àìsàn tí kò bá iṣẹ́ tan má sì sí nínú ìjábọ̀ náà rárá. Òfin 2005-31, tí Benin gbé jáde ní 2006 lórí HIV, dáàbò bo ẹni tó ní kòkòrò náà, àìmọ̀ kò sì lè jẹ́ àwáwí fún ilé iṣẹ́ tó bá tú àṣírí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìpamọ́ àṣírí ti ń di èké, ibẹ̀ ló sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bìkítà nípa òṣìṣẹ́ ti gbóhùn sókè. Orúkọ ènìyàn àti àìsàn rẹ̀ ni àṣírí. Ohun tó fa àìsàn náà kì í ṣe àṣírí. Bí etí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fún ìrèké bá ń di, ìjábọ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé etí ń di ní ẹ̀ka náà, kí ó sọ bí ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ tó, nítorí pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti gbà pé ariwo tó bá ju 85 dẹ̀sìbẹ́lì lọ fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ń ba etí jẹ́, kí ó sì sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe sí ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ ikọ́ eruku pàǹtí ni, kí ó dárúkọ ibi tí wọ́n ń kó pàǹtí náà sí, kí ó ní kí wọ́n mú kí ó gbẹ tàbí kí wọ́n bò ó. Ọ̀gá tó bá ní kí wọ́n yọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nítorí àṣírí òṣìṣẹ́, ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ní ọ̀nà tirẹ̀: ètò ìlera ìjọba ló yẹ kí ó gbọ́, kí wọ́n sì pe àwọn tó ń bá aláìsàn náà ṣiṣẹ́ pọ̀ fún àyẹ̀wò, láìdárúkọ ẹni tó ní in. Bí àìsàn bá ti ara iṣẹ́ wá, tí òṣìṣẹ́ sì fẹ́ gba owó ìrànwọ́ lọ́dọ̀ CNSS, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìfarapa àti àìsàn ẹnu iṣẹ́, àlàyé ìṣègùn yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà àjọ náà pẹ̀lú ìmọ̀ òṣìṣẹ́ náà. Kò gbọdọ̀ gba orí tábìlì akọ̀wé kọjá.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Nítorí náà kí ìwé tí nọ́ọ̀sì ń kọ orúkọ àti àìsàn sí má ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì níbi tí ẹni tó kàn lórí ìlà yóò ti kà á, kí ẹnikẹ́ni má sì ya àwòrán èsì àyẹ̀wò fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bó ti wù kí ọ̀gá kánjú tó. Òfin 2017-20 ti ọdún 2018 lórí ètò kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ní Benin ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra jù lọ nínú ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn, àjọ APDP ló sì ń rí sí i. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá tú àṣírí rẹ̀ lè mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ fáìlì nígbà tí ilé iṣẹ́ bá pààrọ̀ ọwọ́, bó ti ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀. Àìsàn eruku lè pẹ́ kí ó tó fara hàn, òṣìṣẹ́ sì lè nílò fáìlì rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó gbà á síṣẹ́ ti kó lọ. Kí fáìlì ìlera má bá àga àti tábìlì wọ inú ìwé ẹrù tí wọ́n fà lé olówó tuntun lọ́wọ́. Dókítà tó ń lọ ni kí ó kà wọ́n fún dókítà tó ń bọ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí iye tó wà níbẹ̀, kí a sì sọ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.