ORÚKỌ KÒ YÍ, ÌWÀ YÍ: ỌKỌ̀ SUBURBAN LÁTI 1935

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ń ro ni. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí lára ènìyàn, ṣùgbọ́n a kì í sábà wò ó lára irin. Ọkọ̀ Suburban tí ilé-iṣẹ́ Chevrolet ń ṣe ní Amẹ́ríkà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ọkọ̀ náà kúrò ní ọkọ̀ iṣẹ́, ó di ọkọ̀ ìdílé, síbẹ̀ òfin kò yéé pè é ní akẹ́rù. Orúkọ yìí sì gbè é púpọ̀.

Ìtàn ilẹ̀kùn
Ní 1935 ni Suburban kọ́kọ́ jáde. Orí férémù akẹ́rù ni wọ́n kan ilé onírin lé. Ènìyàn mẹ́jọ lè jókòó sínú rẹ̀, bí ẹrù bá sì pọ̀, ìjókòó ẹ̀yìn ṣe é yọ. Ilẹ̀kùn méjì péré ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń lọ sẹ́yìn ní láti há ara rẹ̀ gba iwájú kọjá. Ní 1957, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fún àwọn tó ń rin ọ̀nà ẹrẹ̀ àti yìnyín.

Nínú ti 1967, ilẹ̀kùn di mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, méjì lọ́wọ́ ọ̀tún. Apá ọ̀tún títì ni wọ́n ti ń wakọ̀ ní Amẹ́ríkà, etí títì sì ni ọmọdé ti lè sọ̀ kalẹ̀ láìséwu. Nínú ti 1973, ilẹ̀kùn di mẹ́rin. Ẹ ò rí i bí iye ilẹ̀kùn ṣe ń sọ irú ẹni tó ń wọ ọkọ̀ náà fún wa?

Ọ̀ràn òfin
Ní ìparí 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Árábù tó ní epo kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà. Epo wọ́n gógó. Ní 1975, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin láti dín epo tí ọkọ̀ ń mu kù. Nígbà tó fi di 1985, àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣe gbọ́dọ̀ lè rin máìlì 27.5 lórí jálá kan, bí a bá da gbogbo wọn pọ̀ tí a pín in dọ́gba. Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ akẹ́rù kò tó bẹ́ẹ̀.

Òfin ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló mú Caprice, ọkọ̀ ìdílé onídìí gígùn tí Chevrolet kan náà ń ṣe. Òfin akẹ́rù ló mú Suburban. Ní 1996, Caprice kógbá sílé. Òfin nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfin wà níbẹ̀. Suburban kò kú ní tirẹ̀. Ara rẹ̀ tilẹ̀ ń rọ̀ sí i ni. Nínú ti 2000, wọ́n yọ sípíríǹgì pẹlẹbẹ bíi ti lọ́rì kúrò lẹ́yìn àwọn tó fúyẹ́ nínú wọn, wọ́n fi èyí tí a ká bí ejò rọ́pò rẹ̀. Nínú ti 2021, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá mì: bí ọ̀kan já sí kòtò, èkejì kò ní bá a já. Gígùn rẹ̀ ti tó mítà 5.7, ṣùgbọ́n orí férémù ló ṣì wà.

Àgbálọgbábọ̀
Àwa náà ń pe gbogbo ọkọ̀ gíga báyìí ní jíìpù, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọkọ̀ kékeré tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gbòòrò lẹ́nu wa, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá ti wọ inú ìwé òfin, epo àti èéfín ni a ó máa fi san án. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí a bá ń kọ́ nípa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká máa béèrè pẹ̀lú pé: ta ni orúkọ yìí ń gbè, ta ló sì ń sanwó rẹ̀?