Ṣé Táyà Tó Fẹ̀ Ló Ń Di Títì Mú Jù?

Awakọ̀ tó bá yà sọ́dọ̀ fọkanáísà létí títì Ìkòròdú ní Mile 12 lè ní kí wọ́n bá òun wá táyà tó fẹ̀, kó lè di títì mú dáadáa. Ó jọ òótọ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí wọ́n bá kọ 185/70 R14 síbẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 185, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó ìdá 70 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, rímù rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 14.

Afẹ́fẹ́ inú táyà ló ń gbé mọ́tò ró. Bí mọ́tò bá wúwo tó kílò 1,200, táyà kọ̀ọ̀kan á gbé bíi 300. Tí géèjì afẹ́fẹ́ bá ka 30 psi, ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ kò ju bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà àti ìka rẹ̀ lọ. Ẹ lè dán an wò: ẹ fi jáàkì gbé táyà, ẹ fi èédú tí a fi òróró pò kun ojú rẹ̀, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ tún gbé e. Ẹ ó rí àmì náà. Bí ẹ bá wá fi táyà tó fẹ̀ rọ́pò rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ò yí padà, àmì yẹn ò ní fi bẹ́ẹ̀ tóbi sí i. Á kàn gbòòrò sí ẹ̀gbẹ́, á sì kúrú síwá-sẹ́yìn.

Kí wá ni àǹfààní fífẹ̀? Guillaume Amontons, ará Faransé, sọ ní 1699 pé bí ibi tí nǹkan méjì ti fara kanra ṣe fẹ̀ tó kò kan bí wọ́n ṣe ń di ara wọn mú. Agbára tó tẹ̀ wọ́n mọ́ra ló kàn án. Rọ́bà kì í tẹ̀ lé òfin yẹn délẹ̀délẹ̀. Ó rọ̀, ó ń wọnú kòtò wẹ́wẹ́ ojú ọ̀dà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, táyà fífẹ̀ a máa ṣe dáadáa díẹ̀ sí i, pàápàá ní kọ́nà.

Tí omi bá dé ńkọ́? Omi gbọ́dọ̀ rí ibi gbà kí rọ́bà tó kan ọ̀dà. Táyà tín-ín-rín ń là á kọjá. Èyí tó fẹ̀ ní omi púpọ̀ láti tì, ó sì yá a lára láti gùn ún. Tó bá ti gùn ún, sítiárìn á fúyẹ́, bíréèkì ò ní jẹ́. Ìwádìí NASA láwọn ọdún 1960 lórí táyà bàálù fi hàn pé afẹ́fẹ́ tó kéré ń mú kí èyí tètè ṣẹlẹ̀: bí géèjì bá jẹ́ 30, ó lè ṣẹlẹ̀ ní eré nǹkan bíi kìlómítà 90 ní wákàtí; bó bá jẹ́ 20, ní nǹkan bíi 75.

Ẹ̀yin á ní dáńfó wo ló ń sá 90 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12? Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹrọ̀fọ̀ àti tòmátì tí mọ́tò ti tẹ̀ pa máa ń wà lójú títì lẹ́bàá ọjà ibẹ̀, eré díẹ̀ sì tó kí táyà tòkunbọ̀ tó ti dán yọ̀ lórí wọn. Ọ̀nà omi ojú táyà ló ń gbá irú nǹkan báyẹn kúrò. Tí jíjìn rẹ̀ ò bá tó mìlímítà 1.6 mọ́, kò sí fífẹ̀ tó lè dípò rẹ̀. Ẹ tún wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2316 túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Rọ́bà tó bá ti pẹ́ á le, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jìn.